Ìbéèrè Yín Lórí Oko Ẹran Ọ̀sìn: Páìpù Omi Tí A Ń Rì Mọ́lẹ̀

Omi ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé sí wa lóṣù yìí dá lé lórí, kò sì yà wá lẹ́nu. Òjò ti ń kógbá sílé, ọ̀gbẹlẹ̀ ń bọ̀, àwọn tó ń sin màlúù ní agbègbè Ìbàdàn, láti Akínyẹlé dé Ìdó, láti Lálúpọn dé Ọmí-Adìó, sì mọ̀ pé láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ odò kéékèèké tí ẹran ń mu yóò ti gbẹ. Òfin tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe ní ọdún 2019 lórí dída ẹran kiri ní gbangba tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká ni lára sí i, nítorí ẹran tí a sé mọ́ inú ọgbà kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá omi lọ; ẹni tó sé e mọ́ ni yóò gbé omi wá bá a. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú dáhùn lónìí. A gé wọn kúrú díẹ̀, a kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Apá Ìjàyè ni oko mi wà. Mo ní màlúù 40 àti àgùntàn 60. Kànga ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tánkì mi sì wà lórí òpó tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 20. Mo fẹ́ fa omi láti ibẹ̀ dé ibi tí ẹran ti ń jẹko. Ó jìn tó mítà 400, ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú. Púlọ́ńbà ní páìpù tírì-kọ́tà, èyí tí wọ́n kọ 25 sí lára, ti tó. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹsẹ̀ bàtà kan ni àwọn máa gbẹ́ yàrà náà mọ. Ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní oko màlúù ní Kánádà sì pè mí pé kò gbọdọ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Bàbá, òótọ́ ni ọmọ yín sọ, àmọ́ òótọ́ ibi tí ó wà ni. Ní Kánádà àti ní apá àríwá Amẹ́ríkà, òtútù máa ń wọ inú ilẹ̀ lọ títí omi inú iyẹ̀pẹ̀ yóò fi di yìnyín, ó sì lè wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láwọn ibì kan. Omi tó bá dì nínú páìpù a máa wú, a sì máa fọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ri tiwọn jìn tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Ìbàdàn kì í dì. Tí ẹ bá gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6, owó yín ṣòfò, ẹ sì fi ẹ̀mí òṣìṣẹ́ wewu, nítorí ògiri yàrà tó jìn tó bẹ́ẹ̀, tí a kò fi pákó gbé ró, lè ya lu ẹni tó wà nínú rẹ̀ lójijì kí ó sì pa á.

Ohun tí àwa ń sá fún yàtọ̀. Ọkọ́ àti dígà ni, pátákò màlúù ni, katakata ni, iná ìgbẹ́ oṣù kìíní ni, oòrùn náà sì wà níbẹ̀, tí í mú omi inú páìpù gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹran yóò fi tọ́ ọ wò tí yóò sì yí orí kúrò. Ẹsẹ̀ bàtà kan kò tó láti gba páìpù lọ́wọ́ gbogbo wọn. Irin ìtúlẹ̀ katakata nìkan lè wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ìyẹn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà kan géérégé. Ojú ọ̀nà tí màlúù ń tọ̀ lójoojúmọ́ kì í sì í ní koríko. Tí àgbàrá oṣù kẹfà àti oṣù keje bá ti ń ṣàn gba ibẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa bó ilẹ̀ náà títí páìpù yóò fi yọjú síta. Nítorí náà, ẹ gbẹ́ yàrà yín ní ẹsẹ̀ bàtà 2, kí ẹ sọ ọ́ di 3 níbi tí tipa tàbí katakata bá ti ń kọjá. Níbi ìkọjá ọkọ̀ yẹn, ẹ ti páìpù omi náà bọ inú páìpù mìíràn tó tóbi tó sì nípọn, kí ó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, fífà ni ẹ máa fà á jáde láì tún fọ́ ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ìjìn yàrà kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín, páìpù tírì-kọ́tà yẹn ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Màlúù ńlá kan lè mu tó lítà 50 lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, abo tó ń fún ọmọ lọ́mú lè mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, àgùntàn kan sì lè mu tó lítà 5. Agbo yín yóò nílò nǹkan bíi lítà 2,300 lójúmọ́. Tí ènìyàn bá pín iye yìí sí wákàtí 24, kò tó lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ṣeé ṣe kí irú ìṣirò yìí ló wà lọ́kàn púlọ́ńbà yín. Màlúù kì í mumi bẹ́ẹ̀. Agbo máa ń jùmọ̀ rìn wá síbi omi ni, pàápàá ní ọ̀sán tí oòrùn bá mú, màlúù tí òùngbẹ ń gbẹ sì lè fa lítà 10 mu ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó lágbára ni yóò kọ́kọ́ ki ẹnu bọ ọpọ́n, wọn yóò sì máa fi ìwo lé àwọn ọmọ màlúù àti àwọn tó lójo sẹ́yìn. Bí ọpọ́n bá gbẹ kí ó tó kan àwọn wọ̀nyí, wọn kì í dúró kí ó tún kún: nígbà tí àwọn aṣáájú bá ti yíjú padà sí koríko, gbogbo agbo ni yóò tẹ̀lé wọn, àwọn tó kéré á sì lọ láì fi ẹnu kan omi. Ẹ dúró wo agbo yín ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ ó rí i. Ẹran tí kò mumi tó kì í jẹun tó, ẹran tí kò jẹun tó kì í sanra, abo rẹ̀ kì í sì í ní wàrà. Wákàtí kan tí gbogbo wọn fi ń rọ́ wá síbi omi yẹn ni kí ẹ fi yan páìpù.

Bí ìdajì omi ọjọ́ kan bá lọ láàárín wákàtí yẹn, ẹ nílò nǹkan bíi lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan. Mo fi kún un di 30, nítorí agbo tó ń bí sí i. Òpó ẹsẹ̀ bàtà 20 kò fún omi ní ju agbára mítà 6 lọ láti fi ti ara rẹ̀ lọ (gíga ibi tí omi ti ń sọ̀ la fi ń wọn agbára rẹ̀), bí omi sì ti ń ha ara páìpù kọjá, bẹ́ẹ̀ ni agbára yẹn ń tán. Láti gbé lítà 30 ní ìṣẹ́jú kan gba mítà 400 kọjá, páìpù dúdú tí wọ́n kọ 25 sí lára (ìwọ̀n fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà ni) yóò jẹ agbára tó tó mítà 40. Ti 32 yóò jẹ nǹkan bíi mítà 11. Ẹ kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ti 40 kò ní jẹ tó mítà 4, ti 50 yóò sì jẹ mítà kan àti díẹ̀. Ní kúkúrú, tírì-kọ́tà yẹn kò ní gbé ju nǹkan bíi lítà 10 lọ ní ìṣẹ́jú kan dé ọ̀dọ̀ ẹran yín, bó ti wù kí tánkì kún tó. Ti 40 ni kí ẹ rà. Tí agbára bá sì wà, kí ẹ ra ti 50. Yàrà kan náà ni wọ́n máa gbẹ́ fún gbogbo wọn, owó òṣìṣẹ́ kò sì ní tìtorí páìpù tín-ín-rín dínkù.

Bí owó páìpù ńlá kò bá sí rárá, ẹ lè ra ti 32, kí ẹ sì mọ ọpọ́n tó lè gba lítà 1,200, tàbí kí ẹ gbé tánkì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n náà, kí omi máa fi gbogbo òru kún un de ọ̀sán. Ó dára, àmọ́ ọpọ́n ńlá ń fẹ́ fífọ̀ déédéé kí ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé má baà bò ó. Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, ẹ fi fáàfù olóbọ́ọ̀lù tí ń pa omi fúnra rẹ̀ sí ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi irin tàbí sìmẹ́ńtì dáàbò bo bọ́ọ̀lù náà nítorí ìwo màlúù, kí ẹ sì da kọnkéré yí ọpọ́n náà ká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹrẹ̀ ni ẹran yín yóò máa dúró sí. Ẹnu ibi tí omi ti ń jáde gbọ́dọ̀ ga ju ojú omi inú ọpọ́n lọ. Kànga yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé tánkì kan náà ni ilé ń lò. Bí ẹnu páìpù bá rì sínú ọpọ́n, tí tánkì bá wá gbẹ, omi tí màlúù ti fi ẹnu sí lè padà gba inú páìpù wá sínú ilé yín.

Nígbà tí ẹ bá gbẹ́ yàrà tán, ẹ má ju páìpù sórí òkúta. Ilẹ̀ agbègbè wa kún fún yangí, ẹnu yangí tó bá kángun sí ara páìpù yóò máa tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ẹrù ilẹ̀ títí yóò fi lu. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ yanrìn tàbí iyẹ̀pẹ̀ tí a ti jọ̀ sísàlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ tẹ́ páìpù lé e, kí ẹ tún da irú rẹ̀ bò ó tó 15, kí ẹ tó da èyí tó ní òkúta padà. Àmọ́ ẹ má bo oríkèé kankan kí ẹ tó dán an wò. Ẹ ṣí òpin páìpù sílẹ̀, kí ẹ rọra tú omi sínú rẹ̀ títí atẹ́gùn yóò fi jáde tán, kí ẹ tì í, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí púlọ́ńbà bá ní ẹ̀rọ ìdánwò olówọ́ tó ní aago tí ń fi agbára omi hàn, kí ó fi gbé agbára omi náà ga tó ìlọ́po kan àbọ̀ èyí tí páìpù yóò máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ tọ yàrà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ pa oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ yóò máa kánjú bò ó kí wọ́n lè gbowó; ẹ má sanwó tán kí ìdánwò tó parí. Oríkèé tó ń jò díẹ̀ lójú yín lónìí yóò máa jò lábẹ́ ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láì sí ẹni tó rí i, owó tí ẹ fi ń fa omi náà sókè ni yóò sì máa bá ilẹ̀ lọ.

Ẹ fi fáàfù sí ìdí tánkì, sí gbogbo ibi tí páìpù bá ti yà, àti sí ìtòsí ọpọ́n. Bí omi bá ń sọnù lọ́jọ́ iwájú, ẹ ó kàn máa tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní alẹ́, kí ẹ sì wo èyí tí omi tánkì kò fi ní fà sílẹ̀ mọ́. Kí ẹ ya àwòrán ipa ọ̀nà páìpù náà sórí ìwé, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ láti ibi igi tàbí ògiri tí kò lè kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi fóònù ya fọ́tò yàrà náà kí ẹ tó bò ó, kí ẹ sì fún ọmọ yín ní ẹ̀dà kan.

Ìbéèrè: Apá Lálúpọn ni èmi ń gbé. Ọdún méjì sẹ́yìn la ri páìpù láti tánkì ilé dé ọgbà màlúù. Ó gun òkè kékeré kan kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Omi a máa wá dáadáa, ṣùgbọ́n bí tánkì bá ti gbẹ lẹ́ẹ̀kan tí a tún fa omi kún un, atẹ́gùn ni yóò máa fẹ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, omi yóò tutọ́ díẹ̀díẹ̀, yóò sì dúró. Púlọ́ńbà ní páìpù ti dí, ó fẹ́ hú gbogbo rẹ̀. Ṣé kí n gbà fún un?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má tíì gbà fún un. Páìpù tó dí kì í dúró de ìgbà tí tánkì bá gbẹ kí ó tó dí. Atẹ́gùn ló há sí ṣóńṣó òkè yẹn. Nígbà tí tánkì gbẹ, atẹ́gùn wọ inú páìpù. Nígbà tí omi padà dé, ó ti atẹ́gùn náà lọ síbi tó ga jù, kò sì lágbára tó láti tì í sọ̀ kalẹ̀ ní òdì kejì.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ mọ̀ bóyá ṣóńṣó òkè náà ga ju ìdí tánkì lọ. Ẹ pe bíríkìlà kan tó ní rọ́bà funfun tí wọ́n ń rọ omi sí láti fi wọn ìdọ́gba, kí ó máa gbé e láti èèkàn dé èèkàn títí yóò fi dé orí òkè. Bí òkè bá ga ju ìdí tánkì lọ, kò sí iṣẹ́ púlọ́ńbà tó lè ṣe é. Ẹ ní láti gbé tánkì sókè sí i tàbí kí ẹ mú páìpù gba ibòmíràn. Bí tánkì bá ga jù ú lọ, ibì kan ṣoṣo ni ẹ máa gbẹ́. Ẹ hú páìpù ní ṣóńṣó òkè náà gan-an, kí wọ́n fi tíì, ìyẹn oríkèé ẹlẹ́nu mẹ́ta, sí i, kí wọ́n gbé ọ̀pá kékeré dìde lára rẹ̀, kí wọ́n sì fi fáàfù atẹ́gùn dé e lórí. Èyí tó ń ṣí tó ń tì fúnra rẹ̀ wà lọ́jà; bí ẹ kò bá rí i, ẹ̀rọ omi kékeré lásán yóò ṣe é, àmọ́ ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ ṣí i nígbàkigbà tí tánkì bá gbẹ. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù mọ àpótí yí i ká kí ẹ sì dé e, torí màlúù fẹ́ràn láti máa fi ara ha ohunkóhun tó bá dá dúró láàárín pápá.

Tí ẹ bá ti ní òṣìṣẹ́ nílẹ̀, kí wọ́n wá ibi tó rẹlẹ̀ jù ní ipa ọ̀nà páìpù yẹn, kí wọ́n fi fáàfù ìfọ̀dọ̀tí síbẹ̀. Ibẹ̀ ni yanrìn àti ìpẹtà tó bá omi kànga ẹ̀rọ wá ń sùn sí. Ẹ ṣí i kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó wọlé, kí ẹ jẹ́ kí ó ṣàn títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́.

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ oko ni, ní ẹ̀yìn Mọ́níyà. Páìpù funfun PVC tàbí páìpù dúdú tí wọ́n ń ká, èwo ló dára jù? Àwọn púlọ́ńbà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní àwọn lè fi iná yọ́ ẹnu PVC kí ọ̀kan wọ inú èkejì, kí n má baà ra sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìdáhùn: Arákùnrin wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iná kàn án. Iná a máa na ara páìpù, a sì sọ ọ́ di fẹ́lẹ́ ní ojú ibi tó yẹ kí ó nípọn jù. Ó lè má jò lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ìgbà tí omi bá ti ń fì í, tí ilẹ̀ sì ń tẹ̀ ẹ́, ni yóò ya. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ rà. Kí wọ́n nu ẹnu páìpù gbẹ kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ kan kí ẹ tó tú omi sínú rẹ̀.

Ní tèmi, páìpù dúdú, èyí tí wọ́n ń pè ní HDPE, ni mo fi ń ṣáájú fún oko ẹran. Bí ọ̀pá PVC kan bá gùn ní mítà 6, mítà 400 yóò ní oríkèé tó lé ní 60. Bí ìká páìpù dúdú kan bá gùn ní mítà 100, oríkèé 3 péré ni. Páìpù dúdú tún máa ń tẹ̀ láì ṣẹ́ bí ilẹ̀ bá sún díẹ̀. Ẹ rí i dájú pé wọ́n tẹ PN, àmì agbára omi tí páìpù lè gbà, sí i lára, nítorí rọ́bà dúdú tín-ín-rín tí àwọn oníná ń fa wáyà gbà jọ ọ́ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. PN10 lè gba agbára omi tó ga tó mítà 100, èyí sì ju ohun tí tánkì orí òpó lè fún un lọ fíìfíì.

Àléébù rẹ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ kò kà sí. Ooru máa ń mú un gùn, òtútù máa ń mú un kúrú, ó sì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ: mítà 100 rẹ̀ tí ooru ara rẹ̀ bá fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 20 dínkù lè sún kì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Bí òṣìṣẹ́ bá tẹ́ ẹ ní agogo méjì ọ̀sán tí oòrùn ti yan án gbóná, tí wọ́n fà á le gbọnrangandan, tí wọ́n sì so òpin rẹ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ fáàfù, ní òru ọjọ́ náà ni yóò fa ara rẹ̀ yọ nínú oríkèé. Ẹ jẹ́ kí ó lọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú yàrà, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú kí ó tutù, kí ẹ so òpin rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ẹ sì bò ó kí oòrùn tó gòkè. Ẹ má sì fi yàrà sílẹ̀ láìbò bí òjò bá ṣú. Páìpù tí kò sí omi nínú rẹ̀ máa ń léfòó, bí àgbàrá bá sì gbé e dìde, iyẹ̀pẹ̀ yóò ya sábẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì tún iṣẹ́ náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Oṣù kọkànlá ló dùn jù fún un, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró tí ilẹ̀ kò sì tíì le.

Ìbéèrè: Àwọn òṣìṣẹ́ mi ní Ọmí-Adìó kan àpáta ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ó gùn tó mítà 15. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Bí ẹ bá lè yí i po, ẹ yí i po, páìpù tó fi mítà mélòó kan gùn sí i kò ná yín tó owó afọ́kùúta. Bí kò bá sí ọ̀nà, ẹ lo páìpù irin fún ìwọ̀n mítà náà àti díẹ̀ sí i ní ọ̀tún àti lósì, kí ẹ tẹ́ yanrìn sábẹ́ rẹ̀ kí ó má baà jókòó sórí àpáta, kí ẹ sì da kọnkéré bò ó. Páìpù rọ́bà kò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀ rárá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú ọ̀nà màlúù gba orí rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì ri òpó onísìmẹ́ńtì mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀, kí ẹni tó ń wa katakata lè rí i kí ó tó dé ibẹ̀.